Giannis àti gbèdéke Oṣù Kejì: tíréèdì wo ni òfin gbà, èwo ni ariwo lásán?

Ọmọ_Alájùsáwọ̀n · 16 Oṣù Kejìlá 2025

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí tí ìròyìn ti jáde pé Giannis Antetokounmpo, ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù agbọ̀n NBA, àti aṣojú rẹ̀, Alex Saratsis, ń bá àwọn ọ̀gá Milwaukee Bucks sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ iwájú rẹ̀, kò sí ibi téèyàn yíjú sí tí kò ní bá tíréèdì tuntun pàdé, ìyẹn ìpààrọ̀ eléré láàárín ẹgbẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí kí gbèdéke Oṣù Kejì tó kọjá. Ẹnìkan á ní New York máa fi Karl-Anthony Towns gbà á. Òmíràn á ní Golden State ni, pẹ̀lú Jimmy Butler. Àwọn kan tún ń pe San Antonio, Miami, Atlanta. Milwaukee ń pàdánù ju bí wọ́n ṣe ń borí lọ, Giannis fúnra rẹ̀ sì fi iṣan ẹsẹ̀ ṣèṣe, nítorí náà mi ò sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé, bí mo bá rí tíréèdì kan, kí ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó mọ̀ pé òfin NBA gbà á? Ṣé owó ni àbí pick, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ tuntun ní draft ọdọọdún? Ti Towns yẹn ńkọ́? Mo rí i pé owó òun àti Giannis fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Akọ̀wé_Owó

Owó lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹ kọ ìlà mẹ́rin yìí síbì kan, ti àpapọ̀ owó eléré ẹgbẹ́ kan ní sáà 2025-26 ni wọ́n: ààlà owó eléré, $154,647,000. Ibi tí owó-orí tí ẹgbẹ́ tó náwó jù ń san ti bẹ̀rẹ̀, $187,895,000. Ààlà méjì tó tún le jù ú lọ ni wọ́n ń pè ní apron. Apron kìíní, $195,945,000. Apron kejì, $207,824,000. Ibi tí ẹgbẹ́ kan bá dúró sí láàárín wọn ló ń sọ iye tó lè gbà wọlé.

Ẹgbẹ́ tí kò bá ní kọjá apron kìíní lẹ́yìn tíréèdì lè gba owó tó ju èyí tó kó jáde lọ. Fún owó ńlá bíi ti Giannis, ìdá 125 nínú 100 owó tó ń jáde ni, kí ẹ wá fi $250,000 lé e. Owó Giannis lọ́dún yìí jẹ́ $54,126,450. Ẹ yọ $250,000 kúrò, kí ẹ fi 1.25 pín ìyókù, ẹ máa rí nǹkan bíi $43.1 mílíọ̀nù. Iye tó kéré jù tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kó jọ nìyẹn. Àmọ́ gbàrà tó bá ti gbà ju ohun tó fi sílẹ̀ lọ, apron kìíní ti di ògiri fún un títí sáà á fi parí. Kò gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ kan kọjá rẹ̀, ì báà jẹ́ láti mú ẹni tó ń gba owó tó kéré jù nínú líìgì.

Ẹgbẹ́ tó bá ti wà lókè apron kìíní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àfikún kankan. Ohun tó ń wọlé kò gbọ́dọ̀ fi dọ́là kan ju ohun tó ń jáde lọ. Tó bá wá wà lókè apron kejì, kò tún lè kó owó eléré méjì pọ̀ láti fi gba ẹnìkan, kò sì lè fi owó gidi ránṣẹ́.

Ó di ti Towns. Owó rẹ̀ lọ́dún yìí jẹ́ $53,142,264. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti Giannis, ó ku $984,186. Òkè apron kìíní ni New York wà, nítorí náà $984,186 yẹn tó láti da gbogbo rẹ̀ rú. Towns nìkan kò lè gba Giannis. Wọ́n ní láti fi ọmọ kékeré kan kún un, bíi Tyler Kolek tàbí Pacôme Dadiet, tí owó wọn ju mílíọ̀nù kan lọ. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan sí ọ̀kan bí àwọn èèyàn ṣe ń yà á kiri.

Dub_Ṣọlá

Kí lẹ ṣe ń yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú ìṣirò? Butler ń gba $54,126,450. Giannis ń gba $54,126,450. Ọ̀kan fún ọ̀kan. Ó parí.

Bàbá_Ìbejì

Àbúrò, owó ló dọ́gba, ọ̀rọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí owó wọn fi bára mu ni pé ìdá 35 nínú 100 ààlà owó ni àwọn méjèèjì ń gbà, iye tó ga jù tí òfin gbà kí àdéhùn àgbà eléré fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Kò sọ pé wọ́n níye lórí bákan náà lọ́jà. Ọdún 1989 ni wọ́n bí Butler. Ẹgbẹ́ tó ń fi Giannis sílẹ̀, ilé tuntun ló fẹ́ kọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹni ọdún 36 ṣe?

Bí Golden State bá máa wọ̀ ọ́, Jonathan Kuminga àti ọ̀pọ̀ pick gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ sì kíyè sí déètì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn ní Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ kò ṣeé pààrọ̀ títí di ọjọ́ 15 Oṣù Kejìlá, ìyẹn àná. Ìdí nìyí tí ariwo fi pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ti Kuminga yàtọ̀. Ẹgbẹ́ tó ti kọjá ààlà owó ló tún un gbà, wọ́n sì fi ju ìdá 20 nínú 100 kún owó rẹ̀, nítorí náà ó di ọjọ́ 15 Oṣù Kìíní kó tó ṣeé kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní wọ́n ti fẹ́ parí tíréèdì tí Kuminga wà nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Dub_Ṣọlá

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ẹ fi Kyle Kuzma kún ti Giannis, kí a fi Kuminga kún ti Butler. Àwọn méjèèjì wà ní bíi $22 mílíọ̀nù. Owó tún dọ́gba nìyẹn.

Bàbá_Ìbejì

Ìyẹn mọ́gbọ́n wá. Ẹ fi pick tó dáa lé e kí Milwaukee tó gbé fóònù.

Ìpele_Kìíní

Èmi ò rí ìdí tí Milwaukee á fi máa fi falẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó lọ, kí wọ́n máa pàdánù kí ipò wọn ní draft lè dára, kí wọ́n mú ọmọ gidi níbẹ̀. Àfi pé wọn ò kúkú ní pick kankan ní 2026!

Ṣadé_Peckham

Wọ́n ní. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, ẹ jẹ́ kí n tò ó.

Nígbà tí wọ́n gba Jrue Holiday lọ́wọ́ New Orleans ní 2020, wọ́n fún New Orleans ní ẹ̀tọ́ ìpààrọ̀ lórí pick ìpele kìíní ti 2026. Lálẹ́ draft ọdún yìí, New Orleans gbé àǹfààní yẹn fún Atlanta. Bó ṣe dúró báyìí, èyí tó bá dára jù láàárín pick New Orleans àti ti Milwaukee, ti Atlanta ni. Èyí tó kù ni Milwaukee máa mú. Nǹkan burú fún New Orleans ju Milwaukee lọ, nítorí náà ó lè jẹ́ pick tiwọn gan-an ló máa kù sí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ wó lulẹ̀ tí lọ́tìrì tó ń pín ipò draft sì fún wọn ní ipò kìíní, Atlanta ló máa mú ọmọ náà lọ.

Pick 2027 ti bá ọ̀rọ̀ Holiday kan náà lọ. Nígbà tí wọ́n gba Damian Lillard ní Oṣù Kẹsàn-án 2023, Portland gba ti 2029, ó sì tún ní ẹ̀tọ́ ìpààrọ̀ ní 2028 àti 2030. Ti 2031 àti 2032 nìkan ni kò sí ọwọ́ ẹlòmíì lórí rẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, ta ni àǹfààní ìpàdánù yẹn máa bọ́ sí lọ́wọ́?

Ẹ tún rántí owó Lillard. Ní Oṣù Keje wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n sì na owó rẹ̀ gùn kí wọ́n lè rí àyè mú Myles Turner. Òfin ìnágùn ni pé kí ẹ sọ iye ọdún tó kù di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi ọ̀kan kún un. Ọdún méjì ló kù, ó di márùn-ún. Bíi $22.5 mílíọ̀nù lọ́dọọdún títí di sáà 2029-30, fún ẹni tó ti padà sí Portland tó ń wọ aṣọ wọn. Nítorí náà, bí Giannis bá lọ, Milwaukee ò lè ní àwọn á kàn jókòó jẹ́jẹ́ kọ́ ẹgbẹ́ láti ìpìlẹ̀. Pick àwọn ẹlòmíì ni wọ́n máa béèrè, tàbí kí wọ́n wá tiwọn gbà padà. Ohun tó mú kí n máa wo Atlanta àti Portland ju New York lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo tiwọn kò tó nǹkan.

Ọmọ_Alájùsáwọ̀n

Àǹtí Ṣadé, ẹ ṣeun. New York ò ní pick ni?

Ṣadé_Peckham

Wọ́n ní, wọn ò kàn lè tà á. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Stepien, láti orí Ted Stepien tó ni Cleveland nígbà kan tó ń fi pick ta bí ẹni ń ta ẹ̀pà. Òfin náà ni pé ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ wà láìní pick ìpele kìíní fún ọdún méjì tó tẹ̀ léra lọ́jọ́ iwájú. Ọdún méje ni wọ́n sì lè tà síwájú, ìyẹn títí dé 2032 ní sáà yìí.

Nígbà tí New York gba Mikal Bridges lọ́wọ́ Brooklyn ní 2024, wọ́n kó pick tiwọn ti 2025, 2027, 2029 àti 2031 sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ìpààrọ̀ ti 2028. Ẹ wo ohun tó kù: 2026, 2028, 2030, 2032. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló fara ti ọdún tí wọ́n ti tà. Ẹyọ kan kò ṣeé tà. Ẹ̀tọ́ ìpààrọ̀ nìkan ni wọ́n lè fi lélẹ̀, pẹ̀lú pick Washington ti 2026 tó jẹ́ pé bó bá bọ́ sí ipò 1 sí 8, Washington ló ni ín. Pẹ̀lú bí Washington ṣe ń ṣeré, ẹ má fọkàn sí i.

Àmọ́ lẹ́yìn draft Oṣù Kẹfà, 2026 á ti di àná, ọmọ tí wọ́n bá mú á ṣeé pààrọ̀, 2033 á sì ṣí sílẹ̀. Ìyẹn ni pé New York máa lágbára ní Oṣù Keje ju Oṣù Kejì lọ.

Akọ̀wé_Owó

Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn tún ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. New York lo àyè owó àwọn tó ń san owó-orí láti mú Guerschon Yabusele, nítorí náà apron kejì ti di ògiri fún wọn ní sáà yìí. Bí wọ́n bá kó ẹni méjì tàbí mẹ́ta jáde fún Giannis nìkan, iye èèyàn wọn á dín. Òfin ni pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán eléré 14, tí wọ́n bá sì dín, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní láti dí i. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí owó tí wọ́n máa fi dí i lábẹ́ ògiri yẹn? Nínú tíréèdì mẹ́wàá tí mo rí lórí ayélujára, mẹ́sàn-án ò ka orí eléré.

Ẹ fi San Antonio wé e. Devin Vassell, $27 mílíọ̀nù, Keldon Johnson, $17.5 mílíọ̀nù: $44.5 mílíọ̀nù. Ó ti kọjá 43.1 tí mo sọ lókè, wọ́n sì ní pick tiwọn àti ti àwọn ẹlòmíì. Ti Miami náà rọrùn: Tyler Herro $31 mílíọ̀nù àti Andrew Wiggins tó lé díẹ̀ ní $28 mílíọ̀nù. Ní ti Atlanta, Trae Young nìkan, $46 mílíọ̀nù, ti tó.

Dub_Ṣọlá

San Antonio tó ní Wembanyama, ọ̀dọ́ ìràwọ̀ wọn, kí ni wọ́n ń kánjú fún?

Lọ́yà_Agbọ̀n

Ohun tí gbogbo yín ò tíì fọwọ́ kàn ni ohun tí Giannis fúnra rẹ̀ lè ṣe.

Kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ tíréèdì. Ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́jọ ní NBA, tó sì ti lo mẹ́rin nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan náà, ló lè gbà á, inú àdéhùn tuntun nìkan ni wọ́n sì lè kọ ọ́ sí. Wọn kì í kọ ọ́ sínú àfikún àdéhùn. Àfikún ni Giannis ti ń fọwọ́ sí láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. LeBron James ní in, Lillard náà gbà á ní Portland.

Agbára tí Giannis ní wà nínú ìwé rẹ̀. Ó ní bíi $58.5 mílíọ̀nù ní 2026-27, àti bíi $62.8 mílíọ̀nù ní 2027-28 tí òun fúnra rẹ̀ lè kọ̀. Tó bá kọ̀ ọ́, ó di òmìnira ní Oṣù Keje 2027. Ẹgbẹ́ tó bá gbà á láìsí ìdánilójú pé á fọwọ́ sí àfikún, sáà kan àti ààbọ̀ ni wọ́n ń ra. Toronto ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú Kawhi Leonard ní 2018: wọ́n gba ife ní 2019, ó sì lọ. Wọn ò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n DeMar DeRozan, Jakob Poeltl àti pick kan ṣoṣo ni wọ́n fi gba òun àti Danny Green. Iye tí wọ́n ń béèrè fún Giannis á ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Déètì tún wọ̀ ọ́. Láti Oṣù Kẹwàá 2026 ló lè fọwọ́ sí àfikún ọdún mẹ́rin, bíi $275 mílíọ̀nù. Òfin kan sì ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kò lè fọwọ́ sí irú àfikún ńlá bẹ́ẹ̀ títí oṣù mẹ́fà á fi pé. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ ní Oṣù Kejì, oṣù mẹ́fà á pé ní Oṣù Kẹjọ, kò dí i lọ́wọ́ rárá. Bó bá di Oṣù Keje, àfi Oṣù Kìíní 2027. Nítorí náà, Àǹtí Ṣadé, New York lè lágbára sí i lẹ́yìn draft lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ní ohun gbogbo nílẹ̀ nísinsìnyí nídìí láti má dúró dè wọ́n.

Ṣadé_Peckham

Mo gbà fún ẹgbẹ́ tó ń rà. Fún Milwaukee, bí ìdúró bá mú kí olùdíje pọ̀ sí i, wọ́n á dúró.

Bàbá_Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ariwo, ó wà nínú àkọlé. Ìròyìn ò tó àfojúbà, àmọ́ èèyàn lè mọ ibi tó ti wá. Eléré tó bá sọ ní gbangba pé kí wọ́n pààrọ̀ òun lè san ìtanràn tó tó $150,000. Anthony Davis san $50,000 ní Oṣù Kìíní 2019 nígbà tí aṣojú rẹ̀ tú u síta. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ pé Giannis "ń bá wọn sọ̀rọ̀", tí ẹ ò ní gbọ́ pé ó ní òun ń lọ. Bí gbólóhùn kan bá ní ẹgbẹ́ kan "nífẹ̀ẹ́ sí i", kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ta ni kò nífẹ̀ẹ́ sí i? Bó bá dárúkọ eléré àti ọdún pick tí wọ́n fi lélẹ̀, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí ìròyìn náà ṣe láǹfààní. Ẹgbẹ́ tó ń tà fẹ́ kí owó ga. Aṣojú fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ìlú tí oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́.

Ariwo Davis yẹn pọ̀ títí gbèdéke Oṣù Kejì 2019 fi kọjá, kò ṣẹlẹ̀ àfi nígbà tí sáà parí. Ti Luka Dončić ńkọ́? Kò sí ẹni tó gbọ́ fín. Ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ 2 Oṣù Kejì 2025 la gbọ́ pé Dallas ti fi í gba Davis, Max Christie àti pick Lakers ti 2029. Bí ariwo ṣe ń pọ̀ sí i ni mo ṣe ń rò pé kò tíì súnmọ́.

Dub_Ṣọlá

Ẹ̀gbọ́n, Butler ńkọ́? Miami fòfin dè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú Oṣù Kìíní 2025, gbogbo ayé ń pariwo, ó sì dé Golden State ní ọjọ́ 5 Oṣù Kejì. Kevin Durant náà ní kí Brooklyn pààrọ̀ òun ní Oṣù Kẹfà 2022, ó sì dé Phoenix ní Oṣù Kejì 2023. Ariwo ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Bàbá_Ìbejì

Ti Butler, ìjà ni, wọn ò lè jọ wà nílé kan mọ́. Giannis ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n mo gba ti Durant.

Lọ́yà_Agbọ̀n

Ohun kan kù tó ń ba tíréèdì jẹ́ lẹ́yìn táwọn èèyàn ti jó tán: àyẹ̀wò ara. Ní Oṣù Kejì tó kọjá Lakers gba Mark Williams lọ́wọ́ Charlotte, wọ́n fi Dalton Knecht, Cam Reddish, pick 2031 àti ẹ̀tọ́ ìpààrọ̀ 2030 sílẹ̀. Dókítà wọn wo ara rẹ̀, wọ́n sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Gbèdéke ti kọjá, wọn ò lè wá ẹlòmíì. Ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu lọ́wọ́ báyìí, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n á fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú.

Ọmọ_Alájùsáwọ̀n

Mo ti rí ohun tí mo fẹ́. Aago mélòó gan-an ni gbèdéke náà, fún àwa tí a wà nílé? Ṣé Thanasis, ẹ̀gbọ́n Giannis, á bá a lọ?

Akọ̀wé_Owó

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 Oṣù Kejì 2026, aago mẹ́ta ọ̀sán ní New York. Ìyẹn aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Nàìjíríà, mẹ́jọ alẹ́ ní London. Ẹ má tètè pa fóònù. Ohun tó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì líìgì kí aago tó lù ni kókó àdéhùn, wọ́n lè máa ka ìyókù lẹ́yìn náà, nítorí náà ìròyìn máa ń jáde títí di bíi aago mẹ́wàá alẹ́ ní Nàìjíríà.

Thanasis ò wúwo, owó tó kéré jù ló ń gbà, ibikíbi tí àyè eléré bá wà ló lè wọ̀. Ẹ kàn kà á mọ́ iye orí tí mo sọ.

Lẹ́yìn gbèdéke, ẹni tí wọ́n bá tú sílẹ̀ kí Oṣù Kẹta tó wọlé ṣì lè wọ ẹgbẹ́ tuntun kó sì ṣeré ní playoff, ìyẹn ìdíje ife lẹ́yìn sáà. Ẹgbẹ́ tó bá ti kọjá apron kìíní kò lè mú un bí owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀ bá ju $14.1 mílíọ̀nù lọ. New York àti Golden State, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn.